Okùn Orí Pósí Lọ́ọ̀dù Hallagoe

Kò sí òkú tó wọ ilẹ̀ ní Hallagoe tí kì í ṣe okùn Girzie Budge ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí Donald ọkọ rẹ̀, káfíńtà abúlé, wà láyé, ọkọ a kan pósí, ìyàwó a hun okùn: okùn dúdú mẹ́jọ tó ní wajawaja lẹ́nu, tí àwọn ọkùnrin máa ń dì mú yí pósí ká kí wọ́n tó rọra tú u sílẹ̀ sínú ihò. Donald kú, ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í kan pósí, ṣùgbọ́n okùn ò kúrò lọ́wọ́ Girzie. Bí ẹnì kan bá ti dákẹ́, wọ́n á ránṣẹ́ sí i. Á gbọn àwọn okùn náà, á fi ọwọ́ wọ́ wọn láti òkè délẹ̀ bóyá ibì kan ti ń já, á sì ká wọn sínú agbọ̀n, ó di ojú oórì.

Òun náà ló sì ń pín wọn, torí okùn kì í ṣe okùn lásán níbẹ̀. Ti ẹsẹ̀ wà fún àna àti ọ̀rẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ wà fún àbúrò àti ọmọ àbúrò. Ti orí, àrólé nìkan ló ni ín. Lọ́yà lè kọ ìwé kó ga dé àjà, ojú ọwọ́ tó di okùn orí mú ni àwọn ará Hallagoe máa ń wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí wọ́n máa ṣí fìlà fún láti ọjọ́ náà lọ. Nígbà tí wọ́n sin Donald, Wattie ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló di ti orí mú, kò sì jẹ́ kí pósí baba rẹ̀ gbọ̀n.

Wattie náà ló wá di ẹni tí okùn ò rí gbé.

Iṣẹ́ pípa alákàṣà, edé ńlá inú òkun, ni Wattie ń ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Aeneas, ọmọ kan ṣoṣo tí Lọ́ọ̀dù Hallagoe, olóyè tó ni gbogbo ilẹ̀ abúlé náà, bí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Máástà bí wọ́n ṣe máa ń pe àrólé lọ́ọ̀dù nílẹ̀ yẹn. Ọmọ káfíńtà, ọmọ ilé ńlá, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Wọ́n jọ lọ sí ogun, wọ́n jọ bọ̀. Àwọn èèyàn ní ikú ti rí àwọn méjèèjì, ó ti mójú kúrò. Lọ́jọ́ kan nígbà ìkórè, wọ́n wọ ọkọ̀ láti lọ yẹ ìgèrè wọn wò. Girzie wà lórí àpáta, ó ń ha ìṣáwùrú tí wọ́n fi ń ṣe ìjẹ. Wattie ju ọwọ́ sí i. Máástà ló pariwo, "Girzie, gbé ànàmọ́ kaná dè wá o!"

Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ kọ́kọ́ mú alákàṣà wá ná, ẹ̀yin ọ̀lẹ!"

Ọkọ̀ yí ẹ̀yìn òkúta ńlá tó dá dúró lójú omi. Kùrukùru bọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ bo ojú fèrèsé. Ó tán. Wọn ò rí pákó, wọn ò rí àjẹ̀, òkun ò dá fìlà kan padà.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí á rò pé òwe lásán ni. Ọmọ tó kú ní ibi tó wà. Èèyàn lè gbé òdòdó lọ síbẹ̀, ó lè bá a jà níbẹ̀, ó lè jókòó ti òkúta orí rẹ̀ kí ó sì sọ iye tí wọ́n ń ta ṣáwá lọ́dún yìí fún un. Ọmọ tó nù, ibi gbogbo ló wà. Ó wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń mi ilẹ̀kùn. Ó wà lẹ́yìn gbogbo ọkùnrin gíga tó kọ ẹ̀yìn síni lọ́jà. Girzie á wà nídìí ààrò, á gbọ́ bàtà tó ń bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹnu ọ̀nà, bàtà tó kún fún omi, ìró rẹ̀ á sì dúró níwájú ilẹ̀kùn. Ó tó ìgbà mélòó kan tó ṣílẹ̀kùn, omi ló bá lórí ìloro.

Mina, ìyàwó Wattie tí wọ́n ń jọ gbé, á ní, "Òjò ni, Màmá."

"Òjò kì í wọ bàtà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn. Òtútù ń wọlé."

Ẹnì kan ṣoṣo tó gbà á gbọ́ ni Lọ́ọ̀dù Hallagoe fúnra rẹ̀. Ìyàwó tirẹ̀ ti kú tipẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, á sọ̀ kalẹ̀ láti ilé ńlá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, á jókòó sórí àga Donald, Girzie á bu tíì fún un, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọn bí ìgbà tí àwọn ọmọ náà lọ sí ọjà kan tó jìn.

"Mo rò ó, Girzie. Ọkọ̀ àwọn ará Norway ló gbé wọn."

"Àbí ti àwọn tó ń lọ sí Kánádà, Lọ́ọ̀dù mi. Igbó pọ̀ lọ́hùn-ún. Èèyàn lè wà níbẹ̀ kó má rí ẹni rán níṣẹ́."

"Aeneas ò ní lè ṣiṣẹ́ igbó. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jù."

"Wattie á máa bá a ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti kékeré nìyẹn?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí baba arúgbó náà bá lọ tán, Girzie á dá jókòó, ara rẹ̀ á fúyẹ́ bíi ti ẹni tó gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé ara wọn ró nìyẹn, ọdún ń gorí ọdún.

Nígbà tí Lọ́ọ̀dù dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò ní dìde, ó ránṣẹ́ pè é. Yàrá náà tutù, ajá méjì sùn lẹ́sẹ̀ ibùsùn.

"Girzie."

"Lọ́ọ̀dù mi."

"Hew, ọmọ àbúrò baba mi, á wá láti Edinburgh. Tíṣà ni. Ọmọ dáadáa ni, kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n tó bá di okùn orí mú, ó ti pa Aeneas nìyẹn."

"Ta wá ni ká fún?"

"Má fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kó máa fì. Ẹni tó ni ín ò tíì dé."

Girzie wo ọwọ́ baba náà lórí aṣọ ìbora, ọwọ́ tó ti gbẹ bí ewé. Ó ní, "Pósí á forí gbá ilẹ̀ o, Lọ́ọ̀dù mi."

"Orí mi ti le láti kékeré. Ìyá mi ì bá sọ fún ọ."

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti òkun. Hew Mowat dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ gíláàsì, ẹ̀wù dúdú tó wọ̀ ti ń pá ní ìgbọ̀nwọ́. Níbi géètì itẹ́ òkú, Girzie dúró ti agbọ̀n rẹ̀, ó ń pe orúkọ, ó ń na okùn. Hew na ọwọ́. Gbogbo ojú bọ́ sí ọwọ́ yẹn. Girzie fi okùn kan sí i.

"Ti ẹsẹ̀ ni tiyín, Mísítà Hew."

Ojú ọkùnrin náà funfun. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Àlùfáà wúkọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá opó oníṣẹ́ okùn jà lójú òkú? Hew gba ti ẹsẹ̀. Okùn orí wà lórí pósí ní kíká, bí ejò tó ń sùn.

Obìnrin kì í dé etí ihò níbẹ̀, nítorí náà Girzie àti àwọn ìyókù dúró sẹ́yìn ògiri òkúta. Wọn ò rí nǹkan. Wọ́n gbọ́. Pósí sọ̀ kalẹ̀ níhà ẹsẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ ò rí ẹni dì í mú, ó bá fì lọ, ó fì bọ̀, ó ń gbá òkúta inú ihò. Kó. Kó. Kó. Bí ẹni tó dé ilẹ̀kùn tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣí fún òun. Bell Bremner, aládùúgbò Girzie, di apá rẹ̀ mú.

"Olúwa ò! Girzie, kí lo ṣe yìí?"

Láti ọjọ́ náà ni ìró ọ̀hún ò ti kúrò ní Hallagoe. Alágbẹ̀dẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe gbọ́ ọ nísàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Bell wá sẹ́nu ọ̀nà Girzie, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

"Mò ń fún wàrà màlúù láàárọ̀ yìí, ó ní kó, kó, kó lára igi ọgbà. Màlúù ta ìpá, ó da gbogbo wàrà nù! Ta ló máa san án? Ìwọ àbí òkú?"

"Màlúù rẹ máa ń ta ìpá kí wọ́n tó bí Lọ́ọ̀dù."

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ìwọ lo dá òkú dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lọ dá a lóhùn!"

Girzie ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òun náà ń gbọ́ ọ. Ó ń gbọ́ ọ níbi orí ibùsùn Wattie, tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí mọ́. Ohun tó sì ń dẹ́rù bà á jù ni pé kò mọ ta ló ń kàn án: Lọ́ọ̀dù ni, àbí Máástà, àbí Wattie ọmọ tirẹ̀?

Oyè náà wá há. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Mísítà Leith wá láti Wick pẹ̀lú Hew, wọ́n jókòó nínú ilé Girzie lọ́sàn-án gangan. Mina bu tíì fún wọn.

Leith ní, "Mísíìsì Budge, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Lọ́ọ̀dù ti kú. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé Máástà kú. Lójú òfin, Máástà ni Lọ́ọ̀dù Hallagoe báyìí."

Mina gbé ìkòkò tíì sílẹ̀. "Ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkun?"

"Òun náà ni."

"Ẹ ń sọ pé òun ló ni wá? Òun la ń san owó ilé fún?"

"Òun ló ni gbogbo yín, Mísíìsì. Kò sì lè fọwọ́ sí nǹkan kan."

Afẹ́fẹ́ ń sọ̀rọ̀ nínú ihò èéfín. Girzie rí i bí ìgbà tí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀: ọmọkùnrin kan tí omi kún ojú rẹ̀, tó jókòó lórí àga olóyè nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ òkun, tí gbogbo Hallagoe wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ilé, àwọn màlúù, àwọn ọmọ kéékèèké, gbogbo wọn jẹ́ ti òkú.

Leith ní ọ̀nà kan wà. Bí èèyàn bá ti nù tó ọdún méje, bí tàwọn méjèèjì ṣe pé báyìí, adájọ́ lè sọ pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n adájọ́ fẹ́ gbọ́ láti ẹnu ẹni tó rí wọn kẹ́yìn. Ó sì fẹ́ mọ ohun tí ẹni náà gbà lọ́kàn rẹ̀.

Girzie ní, "Tí mo bá sọ pé Máástà kú, Wattie ńkọ́?"

Lọ́yà wo inú ife tíì rẹ̀. "Ọkọ̀ kan náà ni, Mísíìsì."

"Ẹ jáde nílé mi."

Leith jáde. Hew tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, fìlà lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò ní kọ́ yín ní ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Mi ò wá oyè lọ. Tíṣà ni mí, àwọn ọmọ ilé ìwé mi ń fi mí ṣẹ̀sín tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá wá gbọ́ pé mo di lọ́ọ̀dù..." Kò parí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n inú ilé ńlá yẹn ni mò ń sùn. Mo mọ ohun tí mò ń gbọ́."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà, Mà."

Nígbà tí wọ́n lọ, Mina ò kó ife kúrò. Ó jókòó síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó máa ń kọrin ni Mina nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé náà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, Alec tó ń kan àgbá ti ní òun fẹ́ fẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Gbogbo abúlé ló mọ̀. Lọ fẹ́ ẹ. Ta ló dì ọ́ mú?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin àti òfin. Mi ò lè ṣọ̀fọ̀, ẹ ò jẹ́ kí n wọ dúdú. Mi ò lè lọ́kọ, ọkọ mi ò tíì kú. Ọjọ́ wo ni ẹ fẹ́ kí n di èèyàn?"

"O ò fẹ́ràn rẹ̀ rí."

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Mina dìde, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

"Ẹ má sọ ọ́ mọ́ láé. Ẹ̀yin ní ọmọ tó ń kàn yín nílẹ̀kùn. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tó ti lọ, mo ń tẹ́tí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ rò pé ìyẹn ò dùn mí?"

Girzie na ọwọ́, Mina ò gbà á, ó kó àwọn ife lọ sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Girzie gbọ́ pé ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń fọ̀ wọ́n, àwọn ife tó ti mọ́ tipẹ́.

Ọjọ́ tí kóòtù jókòó ní Wick, òjò ń rọ̀. Ìdajì Hallagoe ló wá. Bell Bremner wọ fìlà ńlá rẹ̀ tó máa ń wọ lọ síbi ìgbéyàwó, ó gba ààyè èèyàn méjì. Adájọ́ jẹ́ arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ kéré. Mina kọ́kọ́ jẹ́rìí, ó sọ̀rọ̀ ní ṣókí, ó jókòó. Wọ́n wá pe Girzie.

Ó sọ ohun tó rí: àpáta, ọkọ̀, ọwọ́ tí Wattie jù, kùrukùru. Kò fi kún un, kò yọ kúrò.

Adájọ́ ní, "Ṣé o gbà pé ọmọ rẹ ti kú?"

"Mi ò mọ̀, Olúwa mi."

"Ohun tí o mọ̀ kọ́ ni mo bi ọ́. Ohun tí o gbà."

"Òkun ni kẹ́ ẹ bi. Òun ló wà níbẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Leith ń fi ọwọ́ nu iwájú orí. Hew wo ilẹ̀. Girzie di ọ̀pá igi tó wà níwájú rẹ̀ mú, eegun ọwọ́ rẹ̀ ń yọ, ó sì ti pinnu: wọ́n lè mú un dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ ti ọmọ rẹ̀ sómi.

Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Kò bínú. Ó ní, "Ó dáa. Fi ìyẹn sílẹ̀. Sọ irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́ fún mi, kí n lè mọ ẹni tí à ń wí."

Ojú Girzie là. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi í. Ó ní, "Ó ga. Irun rẹ̀ pupa bíi ti baba rẹ̀, kì í gbọ́ ti ìyarun. Ó máa ń súfèé níbi tí kò yẹ, àlùfáà ti lé e jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí rẹ̀. Kì í jẹ awọ ẹja. Bí ẹ bá bá a wí, á gbé yín sókè yíká ilé títí ẹ ó fi gbàgbé ohun tẹ́ ẹ ń bá a wí fún. Ó lágbára, ó kàn jẹ́ pé irùngbọ̀n ò tíì hù dáadáa, ó ń dùn ún, a máa ń fi ṣe é yẹ̀yẹ́."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́rìnlélógún, Olúwa mi."

Ó yá lẹ́nu rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ orúkọ ara rẹ̀. Akọ̀wé tó ń kọ ọ́ dá kálámù dúró. Adájọ́ wo ìwé ìbí tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wo obìnrin náà, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọdé:

"Mísíìsì Budge, mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó lọ. Tó bá wà láàyè níbì kan lónìí, ọkùnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni."

Girzie la ẹnu láti dáhùn. Ó wá ọkùnrin náà. Ó wá a nínú ọkàn rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń wá nǹkan nínú àpótí, ó ń gbé èyí, ó ń gbé tọ̀hún: ọkùnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, tí ìbàdí rẹ̀ ti ń gbòòrò bíi ti Donald, bóyá tó ti bímọ, bóyá tí iwájú orí rẹ̀ ti ń pá. Kò rí i. Kò rí i rí. Gbogbo ìgbà tí bàtà olómi yẹn wá sẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù ló wà nínú rẹ̀. Nínú igbó Kánádà tí òun àti Lọ́ọ̀dù fi wọ́n sí, kò sẹ́ni tó dàgbà nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó hu ewú. Alààyè ló ń dàgbà. Ó ti mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ìgbà yìí wá, òun nìkan ni kò sọ fún ara rẹ̀.

Òjò ń lu fèrèsé.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Akọ̀wé ní, "Èwo nínú méjèèjì ni kí n kọ, Mà?"

"Mẹ́rìnlélógún. Kò lé lórí ìyẹn."

Adájọ́ tẹrí ba. Kò tún bi í ní nǹkan kan mọ́ kó tó kéde pé àwọn méjèèjì ti kú.

Níta, àwọn ará Hallagoe dúró nínú òjò, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa pe Hew. Wọ́n ń wò ó, òun náà ń wò wọ́n, ó dà bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀. Girzie sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àwọn èèyàn yà fún un. Hew ṣí fìlà, òjò ń ṣàn lórí gíláàsì rẹ̀. Obìnrin náà dúró níwájú rẹ̀, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún ti àtijọ́.

"Lọ́ọ̀dù mi," ó ní.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìlà. Hew di ọwọ́ Girzie méjèèjì mú. Bí oyè Hallagoe ṣe kúrò nísàlẹ̀ òkun bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn, Bell Bremner náà sì dákẹ́, ohun tí kò wọ́pọ̀.

Mina mú ìyá ọkọ rẹ̀ lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin dúró sí. Girzie jókòó gangan, ojú rẹ̀ gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, títí wọ́n fi gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, tí omi gbogbo ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀tún, tó tẹ́ rẹrẹ, tó rí bí eérú. Ó ní kí wọ́n dá ẹṣin dúró. Ó dìde lórí kẹ̀kẹ́, ó kọjú sí òkun, ó sì figbe ta, igbe tó gba inú òjò kọjá, bí ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún láàárọ̀ ọjọ́ náà.